Gásíkẹ́ẹ̀tì Tí Ọ̀gá Gé

Oníspéà rẹ́rìn-ín sí mi létí lórí fóònù. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn.

"Jáàkì," ó ní, "pọ́ǹpù ọ́ìlì ọkọ̀ yẹn kẹ̀? Àwọn tó ṣe é ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Àwọn míì nínú wọn á ti kú pàápàá."

"Ṣé mo bi ẹ́ léèrè ọjọ́ orí wọn ni? Ṣé o ní in, àbí o ò ní in?"

"Mi ò ní in. Kò sẹ́ni tó ní in. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ni kí o fọ̀, kí o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí o sì máa gbàdúrà."

Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Àdúrà ni mo ti ń gbà láti ọjọ́ mẹ́fà, mi ò sì tíì rí ẹ́ńjìnnì tó torí àdúrà gbéra.

Mẹkáníìkì ni mí. Jáàkì tí gbogbo ènìyàn ń pè mí, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ mí bẹ́ẹ̀, torí lọ́jọ́ kan tí wọ́n wá jáàkì tì, èjìká ni mo fi gbé gíábọ́ọ̀sì dúró títí wọ́n fi rí bóòtù fi sí i. Ọ̀gá yẹn náà ló padà fẹ́ mi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà kan náà, mi ò sì tíì pè é ní nǹkan mìíràn ju Ọ̀gá lọ. Ẹlòmíràn lè ní ìfẹ́ ni, ẹlòmíràn lè ní ìbẹ̀rù ni. Kí n sọ òótọ́, méjèèjì ni.

Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni mo ń fi ọkọ̀ àtijọ́ tiwa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìrìn wákàtí mẹ́ta gbáko. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń padà bọ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbà-gbà-gbà bí ẹni pé wọ́n ti ènìyàn mọ́ inú rẹ̀. Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ akóyanrìn kan ló fi okùn fà wá délé. Ọjọ́ Ajé dé, ó kọjá, a ò lè lọ. Ọkọ̀ èrò kì í gba ọ̀dọ̀ wa kọjá àfi Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta, ẹ̀rọ kì í sì í ṣófo fún wa lọ́jọ́ méjèèjì yẹn. Àwọn onítakisí ò fẹ́ gbọ́ orúkọ wa sétí mọ́, torí Ọ̀gá ti bì sínú ọkọ̀ méjì nínú tiwọn, ìròyìn náà sì ti tàn ká ibùdókọ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ní ọkọ̀ ti kó ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó dé.

Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ wá jù pè mí, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Mà, Ọjọ́bọ̀, aago méjìlá ọ̀sán. Mo ti fi ẹ̀rọ kan dè yín. Ẹ má jẹ́ kó kọjá o. Tó bá fi di Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ́ la máa jọ sọ mọ́."

Ẹ̀bi mi sì ni. Nígbà tí mo tú sọ́ǹpù, ìyẹn àwo ńlá tí ọ́ìlì ń dúró sí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo rí i pé ẹrẹ̀ dúdú ti dí asẹ́ pọ́ǹpù pátápátá. Láti oṣù márùn-ún tí mo ti ń sáré ilé ìwòsàn, mi ò pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ àwọn oníbàárà pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé wọn ò pààrọ̀ ọ́ìlì! Ọ́ìlì ò gòkè mọ́, irin ń ra irin, bẹ́ríǹgì jóná. Mo yọ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, mo gbé kiránkí, irin ńlá tó ń yí nínú rẹ̀, lọ fún tọ́nà tó ń gé irin kó bá mi dán an, mo ra bẹ́ríǹgì tuntun, mo ń to gbogbo rẹ̀ padà. Ó ku pọ́ǹpù.

Pọ́ǹpù yìí kò ju ìkúùkù àgbàlagbà lọ. Jíà méjì ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn yí, tí wọ́n ń fa ọ́ìlì láti inú sọ́ǹpù, tí wọ́n ń tì í lọ sí gbogbo ibi tí irin ti ń kan irin. Ìdérí irin pẹlẹbẹ kan ló bò wọ́n. Tí àlàfo bá wà láàárín àwọn jíà àti ìdérí yẹn, bó ti wù kó kéré tó, ọ́ìlì á kàn máa yí síbẹ̀ ni, kò ní gòkè. Tí kò bá gòkè, bẹ́ríǹgì tuntun tí mo rà yẹn á jóná kí a tó rìn jìnnà.

Mo fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀, mo tò ó sórí tíréè, mo gbé e wọ yàrá tọ Ọ̀gá lọ. Fèrèsé yàrá náà kọjú sí ọgbà iṣẹ́ wa. Kì í jẹ́ kí a tì í, torí ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń bà jẹ́. Màmá, ìyẹn ìyá rẹ̀, jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ náà tó ti wú bí ìrọ̀rí.

"Ìyàwó," Màmá ní, "ṣé irin lèèyàn máa ń gbé fún aláìsàn jẹ láàárọ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò, Màmá. Ó ti kọ búrẹ́dì."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Gbé e súnmọ́ mi," ó ní. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń wo nǹkan. Ó gbé ìdérí, ó fi èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ fà á kọjá láti ìbú dé òòró.

"Ó ti gé. Àwọn jíà ti ha á. Eyín wọn ńkọ́?"

"Ó pé. Kò sí èyí tó kán."

"Àlàfo láàárín wọn àti ilé wọn?"

Mo ti fi fílà géèjì wọ̀n ọ́n, àwọn irin pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí ewé tí a fi ń mọ ìwọ̀n àlàfo. "Ó wà níbi tó yẹ kó wà."

"Bọ́tìnnì tó ń tú ọ́ìlì sílẹ̀ tó bá pọ̀ jù? Sípíríǹgì rẹ̀?"

"Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò há. Sípíríǹgì ò rẹ̀."

"Ìdérí nìkan ló ń ṣàìsàn nígbà náà. Lọ yọ gíláàsì kan, tẹ́ sáńpépà lé e lórí, da ọ́ìlì sí i, kí o lọ̀ ọ́ níbẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o. Máa yí i kiri, má kàn máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń fọ ṣòkòtò."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ọ̀gá mi gan-an ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tó máa ń fi etí lásán mọ sílíńdà tó ń ṣàìsàn. Mo yọ gíláàsì dígí tó wà nínú bálùwẹ̀, mo tẹ́ sáńpépà, mo sì lọ ìdérí yẹn fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Apá mi ń ro mí, mi ò dúró. Nígbà tí mo nù ún, kò sí ilà kankan lójú rẹ̀ mọ́. Mo gbé e lé pọ́ǹpù, mo wọn àlàfo rẹ̀. Irin tó fẹ́lẹ́ jù nínú fílà géèjì ló ráyè wọlé, òun náà sì ń lọ́ra. Ìwọ̀n tí mo ń wá gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo jó díẹ̀ níbẹ̀, èmi nìkan, pẹ̀lú ọwọ́ dúdú.

Mo sáré wọlé lọ sọ fún un.

"Ó dáa," ó ní. "Mú páálí wá."

"Páálí kí ni, Ọ̀gá?"

"Páálí gásíkẹ́ẹ̀tì. Àbí o fẹ́ kí ọ́ìlì máa jò ni?"

 Pọ́ǹpù ọkọ̀ yìí, inú sọ́ǹpù ló ń gbé, nínú ọ́ìlì. Tó bá jò, inú ọ́ìlì náà ló máa jò sí. Kì í lo gásíkẹ́ẹ̀tì, páálí tí a ń fi sáàárín irin méjì kí ọ́ìlì má baà jò; irin ni yóò jókòó lórí irin. Tí a bá fi páálí sáàárín, páálí yẹn á gbé ìdérí sókè, àlàfo tí mo fi wákàtí kan lé lọ á tún padà wá, á tún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí pọ́ǹpù wọn ń gbé ní ìta ló ń lo gásíkẹ́ẹ̀tì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ìyàtọ̀ yìí, ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì gbá mi létí nígbà tí mo gbàgbé.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé tí ìdọ̀tí bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń da orí rú. Láti nǹkan bí oṣù méjì ni mo ti ń rí i. Ó bi mí léèrè kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí a ti tà láti ọdún mẹ́wàá. Ó pè mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń bò mọ́lẹ̀. Mo máa ń dá a lóhùn bí ẹni pé kò sí nǹkan, mo sì máa ń wo Màmá bóyá ó gbọ́.

"Ọ̀gá," mo rọra ní, "ṣebí inú sọ́ǹpù ni pọ́ǹpù eléyìí ń gbé?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ni ọ̀gá?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Mú páálí wá. Mú sísọ́ọ̀sì dání."

Ó dìde jókòó. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí kò tíì dá jókòó fúnra rẹ̀. Ó mú páálí tí wọ́n fi di oògùn rẹ̀, ó là á, ó tẹ ojú pọ́ǹpù tó ní ọ́ìlì lára mọ́ ọn kí àpá rẹ̀ lè hàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.  Ahọ́n rẹ̀ yọ síta díẹ̀ ní igun ẹnu, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Màmá bá a di pátákó tó fi sábẹ́ mú. Ó lò tó wákàtí kan. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ àwọn ihò bóòtù, ó ní kí n mú bàírò wá, ó yọ inú rẹ̀, ó fi ẹnu bàírò náà lu wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Wò ó," ó ní.

Mo wò ó. Kò sí ibì kan tó wọ́, kò sí ihò kan tó yẹ̀. Ó rẹwà. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn, mi ò mọ ìgbà tí mo ti rí eyín yẹn kẹ́yìn. Màmá nu ojú, ó ní, "Wọ́n ní ọmọ mi ò lè fi ọwọ́ ṣe nǹkan mọ́!"

Báyìí ni mo ṣe fi sí i. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá àwáwí. Mo ní páálí náà fẹ́lẹ́, bóòtù á tẹ̀ ẹ́ pa. Mo ní bóyá ó ti gbàgbé ohun kan tí èmi náà ò mọ̀. Mo fi fasilíìnì kún àárín àwọn jíà kí wọ́n lè tètè fa ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kíní, mo de ìdérí, mo de sọ́ǹpù. Ní ọ̀sán, èmi àti wẹ́dà tí ọgbà rẹ̀ kan tiwa fi séènì gbé ẹ́ńjìnnì padà sínú ọkọ̀.

Ó di nǹkan bí aago márùn-ún kí n tó so gbogbo wáyà àti rọ́bà pọ̀ tán. Ẹ́ńjìnnì tuntun, a kì í kàn ṣáná sí i bẹ́ẹ̀. Mo yọ àwọn púlọ́ọ̀gì kó má baà gbiná, mo de géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì mọ́ ibi tí ọ́ìlì ń gbà gòkè, mo sì fi sítátà yí i lásán, kí n kọ́kọ́ rí i pé ọ́ìlì ń dé òkè. Mo kà dé ẹ̀wá. Abẹ́rẹ́ géèjì sùn sórí òdo. Mo sinmi, mo tún yí i. Kò mira.

"Ṣé ó ti gbà?" Ọ̀gá pariwo láti ojú fèrèsé.

"Bátìrì ni, Ọ̀gá! Ó kàn rẹ̀ díẹ̀!"

Irọ́ ni. Mo da ọ́ìlì gba ojú ihò géèjì sísàlẹ̀, mo tún yí i. Mo gbé iwájú ọkọ̀ sókè, mo tún yí i. Mo sọ̀rọ̀ burúkú sí i, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún yí i. Abẹ́rẹ́ yẹn ò tilẹ̀ gbọ̀n. Níkẹyìn bátìrì kú lóòótọ́, wẹ́dà sì gbé e lọ bá mi fi iná sí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo ki ọwọ́ bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ igbe mi nínú ilé. Mo sọ fún ara mi pé mo ti pa ọkọ mi, pé nítorí kí n má baà bí i nínú ni mo fi pa á.

Mi ò lè tú u nírọ̀lẹ́ yẹn. Bí mo ṣe wọlé báyìí ni èémí Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í há, èmi àti Màmá la sì gbé e jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo da ọ́ìlì sínú báàsì, mo fi jáàkì àti igi gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀ kí sọ́ǹpù lè ráyè jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtù. Méjìdínlógún ni wọ́n. Mo ti tú mọ́kànlá nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, pẹ̀lú sálúbàtà rẹ̀ aláwọ̀ ewé.

"Kí lo ń tú?"

Mo fi sípánà sí ìkejìlá.

"Ìyàwó, mo ti darúgbó, àmọ́ mi ò dití. Mo gbọ́ nígbà tó o bi í léèrè lánàá pé ṣebí inú sọ́ǹpù ló ń gbé. Mo sì rí ojú ẹ nígbà tó gbé nǹkan yẹn sókè. Ṣé páálí yẹn ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́?"

"Òun ni, Màmá."

 Mo rò pé yóò bú mi. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi.

"Yọ ọ́," ó ní. "Ọmọ mi mọ bínú láti kékeré. Kó yè ná, kó wá máa bínú lọ. Irin wo ni kí n gbé fún ẹ?"

Ìyá ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin káṣọ mọ́ ìdí, ó kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì, ó ń nawọ́ sípánà sí mi lábẹ́ ọkọ̀. Ó gbé nọ́ńbà mọ́kànlá nígbà tí mo béèrè nọ́ńbà mẹ́tàlá, ó sì ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà. Sọ́ǹpù bọ́ sílẹ̀. Mo tú pọ́ǹpù. Gásíkẹ́ẹ̀tì náà ti mu ọ́ìlì, ó rọ̀, ó sì yọ ní odindi láìya. Mo gbé ìdérí lé irin, irin kan irin, mo wọn àlàfo, ó pé. Mo fi fasilíìnì tuntun kún un. Bóòtù méjì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ sínú iyanrìn, Màmá sì fi etí aṣọ rẹ̀ nù wọ́n. Mo de sọ́ǹpù padà, mo da ọ́ìlì sí i.

Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wẹ́dà gbé bátìrì dé. Mo tẹ sítátà. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ní ẹ̀karùn-ún abẹ́rẹ́ mira. Ní ẹ̀keje ó gòkè bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Mo gbé orí lé sítíárì, mo ké lóhùn rara, kò sì sí ohun tó kàn mí pẹ̀lú ẹni tó ń gbọ́.

Mo de àwọn púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì sì gbà lẹ́ẹ̀kan. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọ̀gá ti wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì, Màmá wà lẹ́yìn pẹ̀lú bàsíà tó lè bì sí. Ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kì í fẹ́ eré, mi ò sì ní ìṣẹ́jú tí mo lè fi ṣòfò. Mo ń wo ọ̀nà, mo ń wo géèjì tí mo so mọ́ iwájú mi, mo ń wo aago.

A ti rìn tó wákàtí kan kó tó sọ̀rọ̀.

"Gásíkẹ́ẹ̀tì mi yẹn, ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Ọ̀gá."

 Ó gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń fetí sí ẹ́ńjìnnì.

"Irọ́ lo pa," ó ní. "Pọ́ǹpù eléyìí, inú sọ́ǹpù ló ń gbé. Kì í lo gásíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá wà níbẹ̀ ni, a kì bá tí dé ìta ọgbà."

Mo wo géèjì, mo wo ọ̀nà.

"O mọ̀ lánàá?"

"Mo mọ̀."

"O wá jókòó, ò ń wò mí, tí mo ń gé e?"

"Inú yín dùn, Ọ̀gá," mo ní. "Ó ti pẹ́ tí inú yín ti dùn. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ yín."

Ó yí ojú sí fèrèsé. Mo rí i pé ó ń sunkún, ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ ti lọ. "Ìgbà wo ni orí mi ti dàrú?"

"Láti oṣù méjì."

"Jáàkì, gbọ́. Má tún bò ó fún mi mọ́. Tí mo bá tún sọ ohun tí kò tọ́, sọ fún mi. Tí mo bá bínú, tún un sọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Màmá na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó fi dì mọ́ èjìká rẹ̀. Inú mi bà jẹ́, àmọ́ ara mi fúyẹ́, torí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la ti fi jọ ń gbé, mi ò sì rò pé a ti sọ òótọ́ tó tó bẹ́ẹ̀ fún ara wa rí.

A gun òkè kan, a sọ̀ ọ́. Ọ̀gá tòògbé díẹ̀, ó tún lajú.

"Jáàkì, gásíkẹ́ẹ̀tì tí mo gé yẹn, ṣé o fi sí i dáadáa?"

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo wò ó. Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ hàn, ó ń dúró de èsì.

Mo ti ṣèlérí. Mo sọ fún un pé mo yọ ọ́, pé pọ́ǹpù náà kì í lò ó. Ó gbà á bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Ó bi mí pé ta ni ọ̀gá. Ó bínú, ó ronú, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì tún sunkún. Nígbà tó ku nǹkan bí ìdajì wákàtí kí a dé, ó tún bi mí, mo tún sọ òótọ́, ó tún sunkún látìbẹ̀rẹ̀. Màmá ní, "Ìyàwó, jọ̀ọ́." Ìyẹn nìkan ló sọ.

A dé ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Nọ́ọ̀sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rọ́bà lọ, ó ń gba òmíràn bọ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá orí rẹ̀ á padà sípò. Ó ní nígbà míì ó máa ń padà, nígbà míì kì í padà, kí a ṣì máa wò ó.

Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó yí ojú sí mi.

"Jáàkì. Gásíkẹ́ẹ̀tì mi yẹn ńkọ́?"

Màmá wò mí láti òdìkejì bẹ́ẹ̀dì. Mi ò wo ojú Màmá.

"Ó wà níbẹ̀, Ọ̀gá," mo ní. "Bí ẹ ṣe gé e gẹ́lẹ́ ni mo ṣe fi sí i. Òun ló gbé wa dé ibí."

"Mo sọ fún ẹ," ó ní, ó sì sùn lọ.